Ọjọ́ Tí Sáré-san San Gbèsè Ilé Tán

Ilẹ̀kùn yàrá Màmá kọ̀, kò ṣí.

"Bàbá! Bàbá, ẹ wá o! Màmá wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn ò ṣí!"

Tíṣà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Gíláàsì ojú rẹ̀, tí wọ́n fi òwú dúdú so lápá kan, ló mú kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa pè é ní Tíṣà, orúkọ náà sì tẹ̀lé e wọlé. Ó di ife tíì ìyá àgbà mú lọ́wọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ kejì lu ilẹ̀kùn.

Bàbá rẹ̀ sá jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn, kò mì. Ó fi èjìká tì í, igi rẹ̀ ké. Nígbà tó gbá a lẹ́ẹ̀kẹta, òun àti ilẹ̀kùn jọ já wọlé ni, díẹ̀ ló kù kó forí gbá ibùsùn.

Màmá jókòó sétí ibùsùn. Ó ti wọṣọ, ó ti wérí, ó ká ọwọ́ lé itan bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

"Ẹ rọra," ìyá àgbà ní. "Mi ò tíì kú. Ilé yìí ló fẹ́ gbé mi sínú pósí kí ọjọ́ mi tó pé."

"Màmá, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀."

"Àbí kí n má sọ ohun tí mo gbọ́? Láti àná ló ti ń họ ara rẹ̀. Mo ní ṣé eku ni. Eku kì í họ báyẹn."

Ọmọ rẹ̀ ti gbójú sókè. Ojú ibi tó fi sìmẹ́ńtì dí lọ́jọ́ Àìkú lókè ilẹ̀kùn, tó sì kùn lọ́dà títí kò fi hàn mọ́, ti tún là. Ó la ọ̀dà, ó la sìmẹ́ńtì, ó gun àjà lọ, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀ létí fèrèsé. Bàbá Tíṣà ki ìka rẹ̀ kan bọ inú rẹ̀. Ìka náà wọlé dé oríkèé kejì.

"Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀," Màmá ní. "Èyí tó lanu níbí yìí, ajá á gbà á kọjá láì forí gbá."

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ yọ ìka rẹ̀, ó nu erùpẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ní kó lọ múra ilé ìwé.

Ilé ìtẹ̀wé ni ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Sáré-san ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Báńkì ló yá a lówó ra ilé náà. Ogún ọdún ni wọ́n ní kó fi san án, òun ní ọdún méje ti tó, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bó bá rí ẹni tó ra ẹran, á ní, "Èlé lẹ fẹ́ fi sínú ọbẹ̀ yẹn." Bó bá rí ẹni tó ra bàtà tuntun, á béèrè bóyá bàtà náà ní òrùlé. Àwọn èèyàn ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń jowú rẹ̀ díẹ̀. Ọdún keje náà ló pé yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni báńkì ń gbà kéèyàn kó owó ńlá wá san láì bu owó ìtanràn lé e, ọjọ́ náà sì ni òní. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Nínú ilé ìdáná, ìyàwó rẹ̀ ń gé búrẹ́dì. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, ọ̀sán ló máa wọ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹyọ mẹ́fà ló gé, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ìwé: ìyá ọkọ méjì, ọmọ méjì, ọkọ kan, òun kan. Mílíìkì kò sí. Mílíìkì ti kúrò nínú ilé náà láti ọdún kẹta.

"Mo gbọ́ ariwo," Nọ́ọ̀sì ní.

"Ilẹ̀kùn ló há. Òjò ló jẹ́ kí igi wú."

"Òjò ò rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Sáré-san jókòó. Ó fi ṣíbí ro tíì tí kò ní ṣúgà.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá owó yẹn dúró. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa ilé wá wò ó ná."

"Mo ti wò ó."

"Ẹ ti kùn ún. Ẹ ò tíì wò ó. Nílé ìwòsàn wa, bí wọ́n bá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá, a kì í fi páúdà kùn ún ká ní ó ti yá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá."

"Gbèsè ni ẹ̀tẹ̀," ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn. "Ògiri ni làpálàpá. Bí mo bá san án tán lónìí, láti oṣù tó ń bọ̀ owó oṣù mi di tiwa. Ògiri wo la ò wá ní lè tún ṣe? Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ kí òní kọjá, ọdún kan gbáko ni màá tún fi san èlé fún báńkì. Ọdún kan! Ṣé o mọ iye èlé tó wà nínú ọdún kan?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ máa ń sọ ọ́ fún wa bí a bá ń jẹun."

Màmá ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń ti búrẹ́dì bọ tíì. Búrẹ́dì náà já sínú ife. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí wá a, kò wo ọmọ, kò wo ìyàwó.

"Gíláàsì ọmọ yìí," Nọ́ọ̀sì ní, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, "ọdún kan àbọ̀ ni mo ti ní ká pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò bá yín jà. Bàtà tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n ti rán ìdí rẹ̀. Mi ò bá yín jà. Èyí nìkan ni mo bẹ̀ yín sí. Bàbá Bíríkìlà ń bọ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ ò ní kó owó náà lọ ká tó jọ jókòó sórí ohun tó bá sọ."

Sáré-san gbé ife sẹ́nu. Kò sí nǹkan kan nínú ife náà mọ́.

"Mo ti gbọ́."

"Mo ti gbọ́ kì í ṣe ìlérí."

"Mo ní mo ti gbọ́."

Bàbá Bíríkìlà kò pẹ́ dé. Àgbàlagbà ni, ó ń gbé ìparí òpópónà, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀yìn ríro, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí wọ́n kọ́ ládùúgbò náà tí kò mọ iye búlọ́ọ̀kù tó wọ̀ ọ́. Kò mú irinṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Ọsàn kan ló mú, ó ń jù ú sókè jù ú sílẹ̀.

"Tíṣà, gbà. Gbé e sí àárín pálọ̀ yẹn. Má tì í o. Gbé e sílẹ̀ kó o sì yọwọ́."

Tíṣà gbé ọsàn sílẹ̀. Ọsàn náà dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú. Lẹ́yìn náà ó yí, ó tún yí, ó kọjá ẹnu ọ̀nà, ó wá ń sáré bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, ó wọ yàrá Màmá, ó gba abẹ́ ibùsùn lọ, wọ́n sì gbọ́ nígbà tó kan ògiri.

Bàbá Bíríkìlà jáde sí ẹ̀yìn ilé, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ kúrò, omi kún ojú ibẹ̀.

"Kí wọ́n tó kọ́lé síbí, mo ti pẹja níbí," ó ní. "Ibi tí ìyá rẹ ń sùn yẹn, ẹja ló ń sùn síbẹ̀ nígbà náà. Wọ́n da erùpẹ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n kọ́ ilé méjìlá lé e, wọ́n kùn ún, wọ́n gbà yín lówó, wọ́n lọ. Ilé tí wọ́n bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kì í ṣe ìwọ lo fi itọ́ mọ ọ́n, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ lò ń gbé inú rẹ̀."

"Bàbá, ó tó ìgbà wo?" Sáré-san béèrè. "Ṣé ó lè di oṣù mẹ́ta sí i?"

"Ó lè di oṣù mẹ́ta. Ó sì lè jẹ́ ìgbà tí mo bá sín. Mi ò mọ̀, ẹni tó bá sì ní òun mọ̀, irọ́ ló ń pa. Ọjọ́ pípẹ́ ni ilé fi ń wó. Ọjọ́ kan ṣoṣo layé ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Gbé ìyá rẹ kúrò nínú yàrá yẹn lónìí. Kí gbogbo yín kúrò bí ẹ bá rí ibi tí ẹ máa lọ. Kó o sì lọ sọ fáwọn ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n wá wò ó."

Ohùn kan ta látojú ọgbà.

"Ìjọba kẹ̀? Bàbá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà o!" Aránṣọ ni, obìnrin tó ń gbé òdìkejì òpópónà. Téèpù ìwọ̀nṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Bí wọ́n bá dé, ọ̀dà pupa ni wọ́n á fi sàmì sára ilé yín, kò ní tán níbẹ̀, wọ́n á sàmì sára tèmi, wọ́n á sàmì sára gbogbo wa. Ta ló máa wá ra ilé lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ iwájú? Kí olúkálukú tún tiẹ̀ ṣe ní jẹ́jẹ́."

Bàbá Bíríkìlà wò ó, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tó o gbé sí pálọ̀ rẹ lọ́dún tó kọjá, kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Ògiri ni."

"Irú ògiri wo?"

Aránṣọ ní òun fi áyọ́ọ̀nù sórí iná. Ó lọ.

Nígbà tí wọ́n wọlé padà, Nọ́ọ̀sì gbé àga onítìmùtìmù lọ sẹ́nu ọ̀nà iwájú, ó fi ìrọ̀rí méjì sí i, ó sì mú Màmá jókòó síbẹ̀. Ó ní òun mọ yàrá méjì kan tó ṣófo, òun fẹ́ tètè lọ wò ó kí òun tó wọ iṣẹ́.

"Bí mo bá pè yín, ẹ fi owó àsansílẹ̀ ránṣẹ́. A ò ní fi gbogbo owó báńkì yẹn gba yàrá, díẹ̀ ni. Ọdún tó ń bọ̀, ẹ wá san ìyókù fún báńkì."

"Bó o bá rí i, pè mí," Sáré-san ní. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó funfun jù lọ. Ìyàwó rẹ̀ wo ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó wo ojú rẹ̀. Ẹni tó ń lọ dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í wọ funfun. Nọ́ọ̀sì tún kọ́là rẹ̀ ṣe fún un.

Nílé ìtẹ̀wé, wọ́n fún un ní iṣẹ́ láàárọ̀ náà: fọ́ọ̀mù ilé ìyáwó kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ẹ̀dà. Ojú ewé àkọ́kọ́ ní àwòrán ọkọ àti ìyàwó tó ń rẹ́rìn-ín síwájú ilé. Ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún lẹ́tà wẹ́wẹ́, tó kéré débi pé bí tàdáwà bá ki díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di ẹyọ kan. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tẹ irú rẹ̀. Àwàdà rẹ̀ ni pé lẹ́tà tí wọ́n bá fẹ́ kéèyàn kà kì í kéré. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ kò gbọ́ àwàdà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Sáré-san ń wo aago.

Ó rò ó. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, ó rò ó. Ó rí ọsàn tó ń yí. Ó rí ìyá rẹ̀ lórí àga lẹ́nu ọ̀nà bí ẹrù tí wọn ò tíì dí. Ó wá rí ọdún kan mìíràn, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, èlé, àti àwọn ará àdúgbò tí wọ́n á máa bi í léèrè pé, "Sáré-san, ṣé o ti sáré dé?" Nígbà tí aago kan ọ̀sán lù, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó fọ tàdáwà ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì, ó jáde. Ó ní òun kàn fẹ́ lọ béèrè bóyá wọ́n lè fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Kò béèrè.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ló dá a lóhùn ní báńkì. Ó bú sẹ́rìn-ín nígbà tó rí iye ọdún tó wà nínú ìwé. "Ẹ kú oríire, sà! Ọdún méje! Àwọn míì ò ní san tiwọn tán kí wọ́n tó di bàbá àgbà." Ó gbé ìwé síwájú rẹ̀, ó ń fi bírò tọ́ka: ẹ fọwọ́ sí ibí, ẹ fọwọ́ sí ibí. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lápò Sáré-san.

"Èyí ló kẹ́yìn," ọmọbìnrin náà ní. "Ó ní gbogbo ohun tó so mọ́ gbèsè yìí parí láti ìṣẹ́jú yìí. Àkáǹtì ẹ̀yáwó, àtẹ̀jíṣẹ́ oṣooṣù, àti adójútòfò ilé. Ṣé kí n ṣàlàyé wọn?"

Fóònù náà dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Rárá," Sáré-san ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta lẹ fẹ́ ṣàlàyé fún? Èmi ni mò ń tẹ irú ìwé yìí."

Ó fọwọ́ sí i. Fóònù gbọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta.

Nọ́ọ̀sì ló ń pè. Ó dúró nínú yàrá méjì kan lẹ́yìn ilé olóògùn. Yàrá náà kéré, fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ògiri, ṣùgbọ́n ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gbogbo igun rẹ̀, ó dún dáadáa. Onílé ní ẹlòmíì ń bọ̀ lágogo méjì. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kò gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, ó wo fóònù náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi í sínú báàgì. Ilé ìwòsàn ló gbà lọ. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, obìnrin tó le bí òkúta, ó ní, "Mà, mi ò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ yín rí." Ọ̀gá náà kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó fún un lówó, ó ní kó má wọ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì san owó fún onílé, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó yà sílé láti mú Màmá.

Àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣófo.

"Màmá!"

"Mo wà níbí." Láti yàrá ẹ̀yìn ni ohùn náà ti wá. "Àga yẹn ń dùn mí nídìí. Mo ní kí n na ẹ̀yìn díẹ̀."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ó gbọ́ nǹkan. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń da ìrẹsì sínú abọ́, wẹ́ẹ́rẹ́, wẹ́ẹ́rẹ́, tí ọwọ́ tó ń dà á kò dúró. Erùpẹ̀ ló ń ti òkè ilẹ̀kùn dà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

"Màmá, ẹ dìde. Ẹ má bọ bàtà."

"Kí ló dé? Ọmọ mi ló ra ilé yìí kí n lè rí ibi na ẹ̀yìn sí. Yàrá ta lo fẹ́ kó mi lọ?"

"Yàrá tèmi ni. Ẹ dìde, Màmá."

"Jẹ́ kí ọkọ rẹ dé ná."

Nọ́ọ̀sì kò tún bẹ̀ ẹ́. Ó ti gbé aláìsàn rí. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ìyá ọkọ rẹ̀ látẹ̀yìn, ó fà á kúrò lórí ibùsùn pẹ̀lú aṣọ ìbora, ó ń fi ẹ̀yìn rìn. Màmá ń bú u. Ó pè é ní aláìgbọràn, ó pè é ní ẹni tó fẹ́ ba ilé jẹ́. Wọ́n dé pálọ̀. Gíláàsì fèrèsé yàrá ẹ̀yìn fọ́ láìsí ẹni tó jù ú lókùúta. Ìgbà náà ni Màmá dákẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Aránṣọ rí wọn tí wọ́n jáde. Ó sọdá, òun àti Nọ́ọ̀sì jọ gbé ìyá àgbà dé òdìkejì títì. Wọn ò tíì fi í sílẹ̀ nígbà tí ilé náà mí. Bẹ́ẹ̀ ni Aránṣọ ṣe sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn lẹ́yìn náà: ó mí. Ògiri ẹ̀yìn jókòó sínú ilẹ̀, òrùlé ẹ̀yìn tẹ̀lé e, eruku sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde wá bá wọn bí ẹni tó ń wá wọn.

Nígbà tí Tíṣà ti ilé ìwé dé, èrò ti kún òpópónà. Wọ́n kò jẹ́ kó sún mọ́ ibẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ilé kò sí, iwájú ṣì dúró ní kíkùn pẹ̀lú aṣọ fèrèsé lára rẹ̀, bí ẹni tó wọ kóòtù láì wọ ṣòkòtò. Ó lọ jókòó ti ìyá àgbà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àwọn ará àdúgbò ń sọ tẹnu wọn. Ẹnì kan ní òun ti mọ̀. Ẹnì kan ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbọ́ ariwo lára ilé náà. Ẹnì kan ní ahun àṣejù ló fà á, pé ẹni tí kò bá bọ́ ilé, ilé á jẹ ẹ́. Bàbá Bíríkìlà béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún bóyá ó ti lọ wo ẹ̀yìn ilé tirẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ dé láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbà pé òun ló pè wọ́n. Ọkùnrin méjì ni, pẹ̀lú korobá ọ̀dà pupa. Ọ̀kan ta okùn yí ilé ká. Èkejì, tó gbé ìwé dání, tọ Nọ́ọ̀sì wá. Kò fi ọ̀rọ̀ ni ín lára.

"Ẹ kú ewu, mà. Ṣé gbèsè báńkì ṣì wà lórí ilé yìí?"

"Ó ṣì wà."

"Ẹ dúpẹ́. Bí gbèsè bá ṣì wà lórí ilé, báńkì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ adójútòfò. Àwọn ló máa san owó wíwó ìyókù tó dúró yìí àti kíkó rẹ̀ dànù, wọ́n á sì san owó ilé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í mọ̀."

Nọ́ọ̀sì bo ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tó ṣí i, omi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń yọ díẹ̀. "Ó ṣì wà," ó tún ní. "Ọkọ mi fẹ́ san án tán lónìí, mo ní kí wọ́n dúró."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Sáré-san yọ ní ìyànà. Odidi adìẹ díndín ló rà, ó wà nínú ọ̀rá pẹ̀lú búrẹ́dì ńlá àti agolo mílíìkì. Ìwé ilé wà nínú ọ̀rá kan náà, òróró adìẹ ti ràn mọ́ etí rẹ̀. Ó rí èrò. Ó rí okùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó rí ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ lódìkejì títì, ó dẹsẹ̀ dúró, àyà rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó wo ilé.

Ìyàwó rẹ̀ rìn lọ bá a. Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó wo ọ̀rá tó gbé dání.

"Ṣé o san án?"

Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ni Nọ́ọ̀sì ń fi bá a sọ̀rọ̀, nínú ìbínú, nínú ìfẹ́. Sáré-san gbọ́ "o" náà. Ó ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan jáde fún un, ó sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọkùnrin oníwèé ti dé ẹ̀yìn wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹnì kan síbí. Báńkì ni, àbí ẹlòmíì? Ta ló ni ilé yìí?"

Aránṣọ ń wo ilẹ̀. Bàbá Bíríkìlà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Èmi ni," Sáré-san ní.

"Kò sí gbèsè kankan lórí rẹ̀?"

"Kò sí."

Ọkùnrin náà fa ìlà kan kọjá lórí orúkọ báńkì àti ti adójútòfò, ó kọ orúkọ Sáré-san sí i. Ó ní ọjọ́ méje ni ó ní láti fi owó ara rẹ̀ wó ìyókù kí ó sì kó o kúrò. Bí ọjọ́ méje bá kọjá, ìjọba á wó o, wọ́n á sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ìtanràn. Ó fún un ní bírò. Sáré-san gbé ọ̀rá sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri iwájú. Ìgbà tó parí, kò gbé korobá rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó gbé e lọ sí ilé kejì, ó ń wo ìdí ògiri rẹ̀.

Ìgbà tí Sáré-san fi máa yíjú, òdìkejì títì ti ṣófo. Nọ́ọ̀sì ti gbé báàgì lé èjìká, ó fi apá kan gbá Màmá mú, Tíṣà di apá rẹ̀ kejì mú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń súnmọ́ ìyànà, ẹsẹ̀ lásán ni Màmá fi ń rìn.

"Màmá Tíṣà!" ó pè. "Ẹ dúró! Níbo lẹ̀ ń lọ?"

Tíṣà yíjú wẹ́ẹ́. Màmá kò yíjú. Nọ́ọ̀sì kò dẹ ẹsẹ̀. Wọ́n yà, wọn ò sì hàn mọ́.

Ó wo Aránṣọ, nítorí ó dá a lójú pé obìnrin náà mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Aránṣọ wo ọkùnrin ọlọ́dà tó ń ti ilé kejì bọ̀ sí ẹ̀kẹta, ó sáré wọlé, ó ti fèrèsé rẹ̀.

Èrò tú. Sáré-san kù síwájú ilé rẹ̀, kò sì mọ ilé tí àwọn ará ilé rẹ̀ wà.